Imú Àyálò

Ní ìlú Rye, létí òkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
níbi tí òkúta ojú títì ti ń yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀,
mo ń tọ́jú Ọ̀gbẹ́ni Pettifer, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.
Aago mẹ́jọ ni oògùn, aago mẹ́wàá ni ìwẹ̀.
Àìsàn kan ló kó òórùn lọ nímú rẹ̀ lọ́dún kẹta sẹ́yìn,
kò dá a padà.
Ó lè jẹ ọṣẹ kó rò pé wàràkàṣì ni.

Òun ló gbin àjàrà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ọ̀hún
nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́:
ta ní í gbin àjàrà síbi tí oòrùn ti ń yọjú
bí onígbèsè, tó tún ń sá padà?

Lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹjọ
ó ní kí n gbé ìgò kan wá láti yàrá abẹ́ ilé,
wáìnì funfun, ìkórè ìkẹyìn kó tó ta oko.
"Fadérera," ó pe orúkọ mi
bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn,
"bá mi gbóòórùn rẹ̀. Bá mi tọ́ ọ wò."
Èmi tí ọtí mi kò ju mọ́lítì lọ!

Mo da díẹ̀ sínú ife ẹlẹ́sẹ̀ gíga.
Àwọ̀ koríko gbígbẹ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bà lé.
Mo ki imú bọ̀ ọ́:
òroǹbó wẹ́wẹ́ tí èékánná ṣẹ̀ṣẹ̀ ya lára.
Mo sọ ọ́ fún un. Ó mi orí.
"Gbogbo ayé ló ń sọ ìyẹn. Wo inú."

Mo wo inú. Gẹ̀ẹ́sì tán lẹ́nu mi,
mo bá bọ́ sí èdè tèmi.
Àgbálùmọ̀ wà níbẹ̀, èyí tí kò tíì pọ́n dénú,
tó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún kì.
Omi orí ògì wà níbẹ̀, ti ọjọ́ kejì,
nígbà tó ti kan tí kò tíì bàjẹ́.
Wàrà Fúlàní, ìwọ̀nba.
Lẹ́yìn náà ni igi dé:
ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lẹ́yìn òjò, èérún pákó tútù,
àti nǹkan kan bí àgbọn tí iná rà lára.

"Kí lo sọ?"
Mo ṣàlàyé ògì fún un: bí a ṣe ń rẹ ẹ́, bí a ṣe ń sẹ́ ẹ,
bí funfun rẹ̀ ṣe ń rọ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò tí omi á dúró lórí.
Ó fọwọ́ gbá tábìlì.
"Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe é! Oṣù mọ́kànlá nínú àgbá igi óòkù,
lórí ohun tó rọ̀ sísàlẹ̀. Èmi ni mo ń rò ó!"

Ó ku ohun tí a ó fi jẹ.
Ọbẹ̀ inú abọ́ mi ni mo kọ́kọ́ dán wò.
Àṣìṣe ni. Ata rodo fún un lọ́rùn,
ó korò, èso inú rẹ̀ sá lọ.
Ẹja pẹlẹbẹ tí ọmọ rẹ̀ fi bọ́tà dín lánàá dára,
ṣùgbọ́n bí àlejò méjì tó bọ ara wọn lọ́wọ́
tí wọn kò jókòó.
Mo rántí àgbàdo tí mo rà lójú ọ̀nà Ashford.
Mo sun ún lórí iná gáàsì títí ara rẹ̀ fi dú díẹ̀,
mo wá àgbọn gbígbẹ inú ọ̀rá kún un,
nítorí ìyá ìyá mi kì í jẹ ọ̀kan láìsí èkejì.
Mo jẹ. Mo mu.
Igi rí èéfín, wọ́n mọ ara wọn.

"Sọ fún mi," ó ní.
N kò rí i sọ.
Mo hó ọmọ àgbàdo sí i látẹ́lẹwọ́, mo gbé ife sí èkejì.
Ó jẹ ẹ́ pẹ́.
"Ó gbóná," ó ní. "Lẹ́yìn náà, òtútù."
Ìyẹn nìkan ló rí mú.
Ó wo òkè tó tà,
ó ní, "Kí lẹ ń pe ohun tó ń rọ̀ sísàlẹ̀?"
"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀."
Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta.
Ó mọ̀ ọ́n pè ju orúkọ mi lọ.